Oúnjẹ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Nínú Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, mo yà sí búkà kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti máa ń jẹ àmàlà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú bíi pé agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Ooru ọbẹ̀ ti bo gíláàsì ojú fèrèsé débi pé ẹni tó ń kọjá lọ níta kò lè mọ̀ pé oníbàárà kan ṣoṣo ló jókòó nínú ilé. Èmi ni mo ṣe ìkejì. Màmá tó ni búkà ṣí kúlà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì kó lè mú tèmi jáde, ojú mi sì bọ́ sínú rẹ̀. Àmàlà tí wọ́n fi nylon dì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tò jọ síbẹ̀, wọ́n tó ogún, gbogbo wọn ṣì gbóná.

"Láti agogo kan ọ̀sán ni mo ti rò wọ́n," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi mú ọ̀kan dání lọ sílé, ẹ má sanwó ẹ̀."

Mo san owó méjèèjì. Àmọ́ ọkàn mi kò kúrò lára kúlà yẹn títí mo fi jẹun tán, torí àmàlà kì í sùn mọ́jú kó tún ṣe é tà. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá rà títí ilẹ̀ fi ṣú, ààtàn ló ń lọ, tòun ti gáàsì tí wọ́n fi rò ó àti apá tó rò ó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní ìlú òtútù ló fẹ́ràn àwọn búkà wọ̀nyí tọkàntọkàn. A ò fẹ́ kí wọ́n kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èrò ti kún ibẹ̀ bámúbámú la máa ń lọ, ọ̀nà tí owó wa sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ kó tó débẹ̀. Bí ètò náà ṣe ń lọ ni mo fẹ́ là sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ran búkà àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ lè mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ bà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oníbàárà. Nínú oṣù Òkúdù, ojú ọjọ́ ṣì máa ń mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé á tún jáde, á pàdé ọ̀rẹ́ ní òpópónà Rye Lane ní Peckham, wọ́n á jẹ súyà, wọ́n á fi nǹkan tútù tì í. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ bá fi ń parí lọ, oòrùn ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó bá ti wọlé, tó ti bọ́ kóòtù, tó ti tan híítà, ó ṣòro kó tún kó sínú òtútù torí ìrẹsì ọ̀fadà.

Oṣù Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ kì í burú, torí àríyá ìparí ọdún pọ̀. Ọ̀ràn máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ jù nínú oníbàárà ti wọ bàálù lọ sí Èkó fún ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Detty December, ibẹ̀ ni wọ́n sì ná an sí. Àwọn tó dúró ti ra ẹ̀bùn ọmọ, wọ́n ti fowó ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì ń ka ọjọ́ dé owó oṣù. Lẹ́yìn náà ni ààwẹ̀, tí àwọn tí kò mọ ilé wa kì í rántí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọjà ìgbà òtútù. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló ń fi ààwẹ̀ ṣí ọdún, ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, ti àwọn míì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ramadan náà ti wọ inú ìgbà òtútù báyìí: ti ọdún 2026 bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Èrèlé, ó sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yára dé sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án kò sí nítòsí mọ́. Ẹ fi ti àwọn tó ń pa ọtí tì fún oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ gbáko kún un, àṣà Dry January tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain lọ́dún 2013, ẹ ó rí i pé àga tó ṣófo ní búkà kì í ṣe torí pé ọbẹ̀ kò dùn.

Oníbàárà dín kù, àmọ́ ìnáwó kò dín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí, torí ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà. Ẹ mú gbẹ̀gìrì nìkan. Ẹ ó rẹ ẹ̀wà, ẹ ó bó o, ẹ ó sè é títí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó tún gbé e padà sórí iná. Yálà èèyàn mẹ́wàá ló máa jẹ ẹ́ tàbí ogójì, iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, iná náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Fíríísà tí ṣàkì àti ẹja wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Híítà ń jó, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sì ṣílẹ̀kùn ni òtútù ń wọlé tí ooru tí wọ́n ti sanwó fún ń jáde. Àjọ Ofgem ń fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ àwọn ilé gbígbé fún gáàsì àti iná mànàmáná. Gbèdéke yẹn kò kan ilé ìtajà. Nígbà òtútù ọdún 2022, tí owó gáàsì fò sókè lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, ó di dandan kí ìjọba gbé ètò ìrànwọ́ olóṣù mẹ́fà kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ètò náà parí ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà 2023.

Owó òṣìṣẹ́ ńkọ́? Fún ọdún kan láti oṣù Igbe 2025, òfin ní ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín sí £12.21 fún wákàtí kan, kì í sì í ṣe iye tí ń wálẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá dúró fún wákàtí mẹ́jọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó lé ní £195, kí a tó ra èlùbọ́, kí a tó ra ẹran. Nígbà tí kò bá sí èrò, ohun tí oníbúkà máa ń kọ́kọ́ dín ni wákàtí iṣẹ́ wọn. Torí náà, kí búkà tó ti ilẹ̀kùn pa, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé àwo síwájú yín ti ń fara káásá ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó wá burú jù ni ọjọ́ tí àwọn gbèsè ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù ní England ṣì ń tẹ̀ lé àṣà àtijọ́ tó pín owó ilé sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún: ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà, ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù, ọjọ́ 29 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, àti ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ń san owó oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ nígbà tí gbogbo ìlú ń gé tọ̀lótòló. Tó bá di ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó orí tó ṣẹ́kù lórí ọdún tó kọjá, wọ́n sì lè gba apá kan ti ọdún owó orí tó ń lọ lọ́wọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Èrèlé, ẹni tí ìṣirò VAT (owó orí ọjà) rẹ̀ parí ní òpin oṣù Ọ̀pẹ yóò san owó náà fún ìjọba. VAT àríyá ìparí ọdún nìyẹn, èyí tó pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà ti san án, ó ti wọ àpò oníbúkà, àmọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá ti ti ibẹ̀ mú owó gáàsì, gbèsè ti wọlé dé.

Ẹ ó wá rí i pé owó tí a ná ní búkà lọ́jọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ ti lọ kó tó dé. Owó tí ń dá ẹ̀mí búkà sí ni èyí tó bá wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí ìparí oṣù Èrèlé.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé tún ṣe pàtàkì gan-an. Ká ní £15 ni àwo àmàlà kan pẹ̀lú ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹran. Bí èlùbọ́ bá wà nínú àpò lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ìjọba kì í gba VAT lórí rẹ̀. Ní kété tí ẹ bá gbé e kaná tó di àmàlà gbígbóná tí ẹ ń tà, ìdá márùn-ún owó tí ẹ dá lé e yóò gorí rẹ̀ fún ìjọba, bí ọjà tí búkà ń tà bá ti ju £90,000 lọ lóṣù méjìlá. Nínú £15 yẹn, £2.50 ti lọ. Ó ku £12.50. Bí ẹ bá wá ra oúnjẹ náà látorí áàpù tó ń gbé oúnjẹ kiri, iye tí áàpù ń yọ lè tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú £15, ìyẹn jẹ́ £4.50. Ó ku £8, inú rẹ̀ ni wọn yóò sì ti ra èlùbọ́, ẹ̀wà, ewédú, ẹran, nylon àti ike, kí wọ́n tó sanwó ilé àti owó òṣìṣẹ́.

Ẹ rántí òṣìṣẹ́ méjì wa tí owó iṣẹ́ wọn lé ní £195 lóòjọ́. Bí oníbàárà bá wá sí ẹnu ọ̀nà, owó tó ku nínú àwo mẹ́rìndínlógún lè san án. Bí ó bá jẹ́ orí áàpù ni gbogbo wọn ti rà á, àwo márùndínlọ́gbọ̀n ló máa gbà. Àwo mẹ́sàn-án tó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Oúnjẹ kan náà ni, oníbàárà kan náà, iye kan náà.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo áàpù rárá. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó jìnnà sí búkà, àǹfààní ńlá ló jẹ́ fún wọn, ó sì sàn kí búkà rí £8 ju kó má rí nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tẹ búkà láago, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ lọ gbé e. Àwọn búkà míì ní ọmọ tó ń bá wọn gbé e káàkiri àdúgbò fún owó díẹ̀. Ẹ béèrè. Wọ́n kì í sábà kọ ọ́ sára ògiri.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ náà, ẹ rò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kódà nígbà òtútù, àga máa ń kún. Ẹni tó bá lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kàn gba àga tí ẹlòmíì ì bá jókòó sí ni. Ẹni tó bá lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń ra àmàlà tí ìbá di ti ààtàn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ pàápàá á ṣáà ṣínu, òtútù sì ti bá búkà ṣe é ní rere lápá ibẹ̀, torí oòrùn ń tètè wọ̀. Bí ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí bá fẹ́ kí àwọn èèyàn wọn jọ ṣínu, ògì gbígbóná àti àkàrà láti búkà àdúgbò fún ogójì èèyàn, lọ́jọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, lè sọ ọ̀sẹ̀ tó gbẹ di ọ̀sẹ̀ tó lọ́ràá. Mo ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀, ayọ̀ Màmá lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ.

Ẹ má fojú kéré ohun mímu. Ẹran àti ẹja wọ́n, èrè orí àwo kan sì kéré. Zobo tí wọ́n fúnra wọn sè, pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kò gba owó púpọ̀ láti ṣe, òun ló sì máa ń ní èrè jù lórí tábìlì. Ẹni tó ti pa ọtí tì fún oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, tó wá béèrè omi ẹ̀rọ nìkan, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ẹ bá ní £3 tí ẹ fẹ́ ná sí i, zobo ni kí ẹ fi rà, kì í ṣe ẹran kejì.

Ó ku àwọn ìwà kan tí a kó wá láti ilé. Ènì jẹ́ ohun tó dùn, ó sì ń fi ìfẹ́ hàn láàárín olùtajà àti oníbàárà. Àmọ́ kí ẹni tó ń jẹun ní £15 máa ní kí wọ́n fi ẹran kan lé e nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí ó mọ̀ pé Màmá kò lè sọ pé rárá fún un, ìyẹn kì í ṣe ènì mọ́. Àwìn tún burú jù ú lọ. "Mo máa san án tí owó oṣù bá dé" lè jẹ́ owó gáàsì ọ̀sẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní kí wọ́n fi tábìlì ẹni mẹ́jọ sílẹ̀ de òun, tí òjò wá rọ̀, tí kò yọjú, tí kò pè. Wọ́n ti bọ ẹran dè é. Ẹ pè, kódà kó ku wákàtí kan, kí wọ́n lè dá ẹran padà sínú fíríìjì kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan tètè lọ sílé. Ní ti owó tí ẹ bá fi dá ẹni tó gbé oúnjẹ wá lọ́lá, láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 2024 òfin ti ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ní oṣù tí wákàtí iṣẹ́ wọn dín kù, owó yẹn ń dí àlàfo gidi.

Àsansílẹ̀ ni mo kà sí ìrànlọ́wọ́ tó lágbára jù lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òwàmbẹ̀ máa ń pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn alásè wa sì máa ń rí iṣẹ́ débi tí wọn kì í lè sùn. Nínú oṣù Èrèlé, wọ́n jókòó. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa ṣe ọjọ́ìbí ogójì ọdún nínú oṣù Agẹmọ, kí ló dé tí kò fi lè san ìdá mẹ́ta owó oúnjẹ ní oṣù Èrèlé? Ó dà bí ẹni tó yá alásè lówó láìgba èlé, òun náà á sì ti gba ọjọ́ tó wù ú kí àwọn yòókù tó jí. Káàdì ẹ̀bùn tí búkà ń tà ń ṣiṣẹ́ bákan náà: owó wọlé lónìí, oúnjẹ jáde lọ́la. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wọ gbèsè tó sì ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tó mú káàdì dání wà lára àwọn tó kẹ́yìn ìlà, ó sì ṣeé ṣe kó má rí kọ́bọ̀. Torí náà, iye tí ẹ lè gbójú fò ni kí ẹ fi ra káàdì. Tí ẹ bá ń san àsansílẹ̀ àríyá, ẹ gba ìwé ẹ̀rí tó kọ ọjọ́, iye àti ohun tí wọn yóò sè.

Àwọn kan ṣì wà tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń dáná nínú ilé tàbí tí wọ́n ń pa ìsọ̀ lọ́jà. Òfin ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 28 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì wá wo ilé ìdáná kí wọ́n tó fún un ní òǹkà ìmọ́tótó, láti 0 dé 5. Ẹ wo òǹkà yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rà lọ́wọ́ ẹni tó bá dára. Ibẹ̀ ni ohun ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Adejoké Bakare ti ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò tó ń sanwó wá jókòó jẹun, kó tó borí nínú ìdíje àwọn alásè ní Brixton lọ́dún 2019. Ó ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru, sínú ọjà Brixton lọ́dún 2020, nínú àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà gan-an, ó sì gba ìràwọ̀ Michelin nínú oṣù Èrèlé 2024. Kí ìràwọ̀ tó dé, ẹnì kan ti jáde nílé nínú òtútù lọ jẹun níbẹ̀.

Ní ti Màmá tiwa ní Peckham, ọmọ wọn obìnrin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, yóò kọ ohun tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ á kọ orúkọ rẹ̀ kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán, á sì sọ ìgbà tí yóò wá gbé e. Àdúgbò nìkan ni, àwọn nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ìyá ìjọ kan tó ń gba mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan fún àwọn akọrin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àmàlà mẹ́tàdínlógún ni àwọn èèyàn kọ síbẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni Màmá rò, wọ́n fi méjì lé e fún ẹni tó bá ṣèèṣì yà. Nígbà tí mo dé ní agogo mẹ́fà, ẹyọ kan ló kù nínú kúlà, wọ́n sì ti ń fọ ìkòkò.